"Prefer": Ọ̀rọ̀-Ìṣe Tí Ó Ti Gbé "Jù Lọ" Mì

Gbogbo ẹni tí ó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbà pé òun mọ "prefer". Síbẹ̀, òun ni ó máa ń tú àṣírí ẹni tí ó ń fi Yorùbá ronú nígbà tí ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé. Ẹni náà yóò kọ "I prefer tea more than coffee", kò sì ní rí àbùkù kankan níbẹ̀, nítorí pé gbogbo ohun tí ó ní lọ́kàn ni ó ti gbé kalẹ̀: ohun tí ó fẹ́, ohun tí kò fẹ́ tó bẹ́ẹ̀, àti pé ti èkínní ju ti èkejì lọ. Àbùkù tí ó wà níbẹ̀ ni pé ó ti sọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì. "More" ti wà nínú "prefer" kí òǹkọ̀wé náà tó tún fi òmíràn lé e, "than" kò sì bá ọ̀rọ̀-ìṣe yìí rìn. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń retí ni "I prefer tea to coffee", kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi tí àṣìṣe yìí ti ń wá kò ṣòro láti tọpa. Ní èdè Yorùbá, iṣẹ́ méjì ni a pín fún ọ̀rọ̀ méjì. Bí mo bá sọ pé mo fẹ́ràn tíì ju kọfí lọ, "fẹ́ràn" ni ó ń sọ bí ọkàn mi ti rí sí nǹkan náà, "ju" àti "lọ" ni wọ́n sì jọ ń ṣe àfiwé. Bí mo bá yọ "ju kọfí lọ" kúrò, àfiwé ti lọ nìyẹn. Ohun tí ó kù kò ju pé mo fẹ́ràn tíì, kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀ bóyá mo tún fẹ́ràn nǹkan mìíràn jù ú lọ. Ètò kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì ń tẹ̀ lé pẹ̀lú "like" àti "love". "I like tea more than coffee" tọ̀nà délẹ̀délẹ̀, nítorí pé "like" kò mọ àfiwé kankan fúnra rẹ̀. "Prefer" kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹnì kan bá sọ pé "I prefer tea", tí kò sì dárúkọ ohun mìíràn, ẹni tí ń gbọ́ ọ mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ohun mìíràn kan wà nílẹ̀ tí a ti fi tíì náà wé, yálà wọ́n ti dárúkọ rẹ̀ ṣáájú tàbí ó hàn sí gbogbo àwọn tí ó wà níbẹ̀. Ẹni tí ohun kan ṣoṣo wà níwájú rẹ̀ lè fẹ́ ẹ, ó lè kọ̀ ọ́, ó lè fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kò lè "prefer" rẹ̀, àyàfi bí a bá ka àìgba nǹkankan gẹ́gẹ́ bí ohun kejì.

Láti ibí yìí ni àwọn àṣìṣe kéékèèké mìíràn ti ń yọ, ọ̀kan náà sì ni ìdí gbogbo wọn. Ẹni tí ó kọ "I prefer this one better" ti fi "better" lé orí ohun tí ó ti sàn jù tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó kọ "it is more preferable" ṣe bákan náà, nítorí pé "preferable" fúnra rẹ̀ túmọ̀ sí ohun tí ó yẹ kí a mú ṣáájú èkejì. Mo mọ̀ pé àwọn tí ó kàwé dáadáa pàápàá máa ń kọ "more preferable", àwọn kan sì ń gbè é lẹ́yìn, ṣùgbọ́n lójú tèmi, bí "preferable" nìkan bá ti sọ gbogbo ohun tí a fẹ́ sọ, kò sí ohun tí a ń fi "more" ṣe níbẹ̀. Ohun tí ọ̀rọ̀-ìṣe yìí gbà láyè ni kí a sọ bí àlàfo tí ó wà láàárín nǹkan méjèèjì ti gbòòrò tó. "I much prefer walking" dára, "I strongly prefer walking" náà dára, nítorí pé "much" àti "strongly" kò dá àfiwé tuntun sílẹ̀. Bí a ṣe ń sọ ní Yorùbá pé nǹkan ju òmíràn lọ fíìfíì ni wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́. "Very" ni kò lè ṣe é. Kò sí ẹni tí ó ń sọ "I very prefer".

Bí a bá fẹ́ mọ ohun tí ó mú kí "to" máa bá ọ̀rọ̀-ìṣe yìí rìn dípò "than", a ní láti padà sí orírun rẹ̀. Láti inú èdè Látìn ni ó ti wá, níbi tí "praeferre" ti jẹ́ àkànpọ̀ "prae", tí ó túmọ̀ sí iwájú, àti "ferre", tí ó túmọ̀ sí kí a gbé nǹkan. Ó gba inú èdè Faransé àtijọ́ kọjá kí ó tó wọ inú Gẹ̀ẹ́sì ní apá ìparí ọ̀rúndún kẹrìnlá. Ẹni tí ó bá "prefer" nǹkan, nígbà náà, ṣe ni ó gbé e síwájú nǹkan mìíràn. Yorùbá ní gbólóhùn tí ó bá èyí mu rẹ́gí, èyí ni "fi ṣáájú". Ẹni tí ó fi iṣẹ́ ṣáájú eré kò sọ fún wa pé òun kórìíra eré, kò tilẹ̀ sọ pé òun fẹ́ràn iṣẹ́; èyí tí yóò kọ́kọ́ gba àyè ni ó sọ. Mo gbà pé bí a bá ń fi "fi ṣáájú" la "prefer" yé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dípò "fẹ́ràn jù lọ", "more than" kò ní rí ibi tí yóò gbà wọlé.

Ìtumọ̀ gbígbé síwájú yìí hàn kedere nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti King James, tí a tẹ̀ ní ọdún 1611. Nígbà tí orí kẹfà ìwé Dáníẹ́lì sọ pé "this Daniel was preferred above the presidents and princes", ọ̀rọ̀ ipò ni ó ń sọ: Dáníẹ́lì ta àwọn ìjòyè yòókù yọ, ọba sì ń gbèrò láti fi í ṣe olórí gbogbo ìjọba náà. Nígbà tí Jòhánù Onítẹ̀bọmi sọ nínú orí kìíní ìwé Jòhánù pé ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn òun "is preferred before me", ọ̀rọ̀ ẹni tí ó wà níwájú àti ẹni tí ó wà lẹ́yìn náà ni. Èyí tí ó yà mí lẹ́nu jù wà nínú orí kejì ìwé Ẹ́sítérì, níbi tí olùtọ́jú àwọn obìnrin ti "preferred her and her maids unto the best place", ìyẹn ni pé ó kó Ẹ́sítérì àti àwọn ìránṣẹ́bìnrin rẹ̀ lọ sí ibi tí ó dára jù nínú ilé náà. Ẹni tí ó bá fi "fẹ́ràn jù" ka gbólóhùn yìí yóò ṣìnà pátápátá, nítorí pé ọ̀rọ̀ nípa ṣíṣí ènìyàn nípò padà ni.

Ìtumọ̀ àtijọ́ yìí kò tíì kú tán. Nínú ìjọ Áńgílíkà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, "preferment" ni wọ́n ń pe ìgbéga àlùfáà sí ipò tí ó ga sí i. Nínú òfin, "to prefer charges" ni kí a gbé ẹ̀sùn kalẹ̀ níwájú kóòtù, ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó bá gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́ sì máa ń ṣe kàyéfì bí ọlọ́pàá ṣe lè fẹ́ràn ẹ̀sùn ju ohun mìíràn lọ. Nínú ìṣòwò, "preference shares", tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní "preferred stock", ni ìpín ìdókòwò tí a máa ń san èrè lé lórí kí a tó san ti àwọn onípìn-ín lásán. Kò sí ẹni tí ó fẹ́ràn àwọn tí ó ni irú ìpín bẹ́ẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Iwájú ni wọ́n wà lórí ìlà, ìyẹn nìkan ni.

Nípa "to" fúnra rẹ̀, Látìn ni ó fi í sílẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì. Nínú Látìn, ohun tí a gbé èkejì síwájú rẹ̀ máa ń gba irú ìrísí tí Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń fi "to" túmọ̀. Bákan náà ni ó rí pẹ̀lú àwọn ọ̀rọ̀-àpèjúwe tí Gẹ̀ẹ́sì yá láti inú Látìn, tí àfiwé ti wà nínú wọn láti ilé: "superior to", "inferior to", "senior to", "junior to", "prior to". Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ń gba "than" lọ́wọ́ ẹni tí ń kọ̀wé jẹ́jẹ́. "Than" ń tẹ̀ lé "more" àti àwọn ọ̀rọ̀ tí ó gba "-er" gẹ́gẹ́ bí àfòmọ́ ìparí láti fi hàn pé a ń ṣe àfiwé. "Prefer" kò sí nínú agbo yẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé "-er" ni ó fi parí.

Ohun kan tún wà tí "to" yìí máa ń dá sílẹ̀, tí àwọn ìwé gírámà kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ lé lórí. Iṣẹ́ tí a mọ̀ mọ́ "to" ní ibi púpọ̀ ni kí ó tọ́ka sí ibi tí a ń lọ, nítorí náà ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì kò tíì mọ́ lára lè gbọ́ "she prefers the city to the village" kí ó sì rò pé abúlé ni obìnrin náà fojú sí. Òdìkejì ni. Èyí tí a kọ́kọ́ dárúkọ ni ó borí, èyí tí "to" ṣáájú rẹ̀ ni ó wà lẹ́yìn. Bí a bá fi "gbé ìlú ńlá síwájú abúlé" kà á lọ́kàn, kò ní sí ìdàrúdàpọ̀.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìfẹ́, nítorí ibẹ̀ ni mo rò pé ìtumọ̀ "prefer" ti jinlẹ̀ jù. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín. Kò sí ẹni tí ó pa òwe yìí tí ó fẹ́ràn ikú. Ohun méjì tí kò wu ènìyàn ni a gbé síwájú rẹ̀, ó sì ń sọ èyí tí yóò mú bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn. Bí a bá fẹ́ sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, "prefer death to disgrace" yóò ṣe é láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n "like death more than disgrace" yóò dà bí ọ̀rọ̀ ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe méjèèjì nìyẹn. "Like" ń sọ̀rọ̀ nípa adùn. "Prefer" ń sọ̀rọ̀ nípa ìtòlẹ́sẹẹsẹ, ó sì lè to ohun tí a fẹ́ràn, ohun tí a kò kà sí, àti ohun tí a kórìíra.

Ìbò àwọn ará Ọsirélíà jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó dára fún èyí. Láti ọdún 1918 ni òfin ibẹ̀ ti gbà pé kí olùdíbò tí ó ń yan aṣojú sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kékeré ìjọba àpapọ̀ máa fi nọ́ńbà to àwọn olùdíje: 1 fún ẹni tí ó wù ú jù, 2 fún ẹni tí ó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ títí dé orí ẹni tí ó kẹ́yìn. "Preferences" ni wọ́n ń pe àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí. Níwọ̀n bí ó ti jẹ́ dandan kí olùdíbò fún gbogbo olùdíje ní nọ́ńbà, yóò fún ẹni tí kò fẹ́ rí sójú náà ní tirẹ̀, yóò sì ní láti pinnu èwo nínú àwọn méjì tí kò lè fara mọ́ ni òun yóò fi ṣáájú èkejì. "Preference" ni ìyẹn náà ń jẹ́, bí kò tilẹ̀ sí ìfẹ́ kankan níbẹ̀.

Bí "prefer" kò ti í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ìfẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni kò jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú yíyàn. Mo lè sọ pé "I prefer the train, but I took the bus", gbólóhùn náà yóò sì dúró láìsí ìtakora, nítorí pé ohun tí mo fi ṣáájú lọ́kàn kọ́ ni ọwọ́ mi bà. Àwọn onímọ̀ nípa ọrọ̀-ajé ni wọ́n máa ń fẹ́ so àwọn méjèèjì pọ̀. Paul Samuelson, onímọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà, dábàá ní ọdún 1938 pé ohun tí àwọn ènìyàn ń rà gan-an ni kí a máa wò dípò ohun tí a rò pé ó wà lọ́kàn wọn, láti inú èyí sì ni ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní "revealed preference" ti jáde. Fún ẹni tí ó ń ka iye ọjà tí a tà, ọgbọ́n gidi ni. Ẹni tí ó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì lójoojúmọ́ kò lò ó bẹ́ẹ̀. Fún òun, "choose" ni ohun tí a ṣe, "prefer" ni ohun tí à bá ṣe bí kò bá sí ìdíwọ́.

Ó kù kí a wo bí a ṣe ń kọ́ gbólóhùn lé ọ̀rọ̀-ìṣe yìí lórí. Bí abọ̀ rẹ̀ bá jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, ọ̀rọ̀ ti parí: "prefer this to that". Bí ó bá jẹ́ ìṣe ni a ń fi wé ìṣe, ọ̀nà méjì ni ó wà. Èkínní ni kí a sọ ìṣe méjèèjì di ọ̀rọ̀-orúkọ pẹ̀lú "-ing", kí a sì jẹ́ kí "to" dúró sí àyè rẹ̀: "I prefer reading to writing". Èkejì ni kí a lo "to" tí ó máa ń ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe: "I prefer to read". Bí a bá wá fẹ́ fi ìṣe kejì kún un, wàhálà dé, nítorí pé "to" ti àfiwé yóò pàdé "to" ti ọ̀rọ̀-ìṣe, a ó sì ní "I prefer to read to to write", tí ẹnu kò lè gbé. Gẹ̀ẹ́sì wá ọgbọ́n dá sí i nípa mímú "rather than" wọlé: "I prefer to read rather than write". Nítorí àlàfo yìí ni "than" fi máa ń yọ́ wọlé láìsí "rather" lẹ́nu àwọn tí ó bí Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, tí wọ́n á sọ pé "I prefer to stay than go". Wọ́n ń sọ ọ́, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń kọ lẹ́tà tàbí àròkọ kò gbọdọ̀ tẹ̀ lé wọn.

"Over" ń kọ́? Ó wọ́pọ̀ gan-an nísinsìnyí, pàápàá lọ́dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà, láti sọ pé "prefer tea over coffee". Èmi kò kà á sí àṣìṣe, àwọn ìwé atúmọ̀ èdè pàtàkì náà sì ti gbà á wọlé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé "to" ni mo ṣì ń lò nínú ìwé tí mo bá fi orúkọ mi sí. Ibi tí "over" ti ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀ láìsí àríyànjiyàn ni lẹ́yìn ọ̀rọ̀-orúkọ náà, "preference": "a preference for tea over coffee".

Ọ̀rọ̀-orúkọ yìí ní ewu tirẹ̀, ó sì yẹ kí ẹni tí ó ń ka ìwé àdéhùn tàbí ìkéde ìjọba fiyè sí i. "To give preference to women" túmọ̀ sí pé àwọn obìnrin ni a fi ṣáájú. "To hire men in preference to women" túmọ̀ sí pé ẹ̀yìn ni a fi àwọn obìnrin náà sí. "Preference to women" ni ó wà nínú gbólóhùn méjèèjì, ìdájọ́ wọn sì yí padà sódìkejì. Ohun tí ó fa ìyàtọ̀ ni pé "to" ti èkínní jẹ́ ti "give", tí ó ń tọ́ka sí ẹni tí a fún ní nǹkan, nígbà tí "to" ti èkejì jẹ́ "to" àfiwé tí a ti ń bá bọ̀ láti òkè. Ẹni tí ó bá ń sáré kàwé lè ka ìkan gẹ́gẹ́ bí èkejì.

Ìyàtọ̀ mìíràn tí ó ṣe pàtàkì ni ti "prefer" àti "would prefer". "Do you prefer tea or coffee?" ń béèrè ìwà ènìyàn, èyí tí ó máa ń fi ṣáájú lápapọ̀ láìsí pé a fẹ́ fún un ní ohunkóhun. "Would you prefer tea or coffee?" ń béèrè ohun tí ó fẹ́ báyìí, ó sì jẹ́ ìlérí pé ohun tí ó bá dárúkọ ń bọ̀. Àlejò tí a bá bi ní ìbéèrè àkọ́kọ́ lè dáhùn kí ó sì máa retí, kí ẹni tí ó béèrè sì rò pé ìtàkùrọ̀sọ lásán ni àwọn ń ṣe. Bákan náà, "prefer" ti gbogbo ìgbà lè gba "-ing" tàbí "to", ṣùgbọ́n bí ó bá ti di "would prefer", tí ọ̀rọ̀ sì jẹ́ ti ìgbà kan pàtó, "to" ni ó yẹ ẹ́: "I would prefer to wait".

Bí ó bá jẹ́ ẹlòmíràn ni a fẹ́ kí ó ṣe nǹkan, a lè sọ pé "I'd prefer you to wait", tàbí "I'd prefer that you wait", tàbí "I'd prefer it if you waited". "Waited" inú èyí tí ó kẹ́yìn kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú àná. Gẹ̀ẹ́sì ń fi ìrísí ohun tí ó ti kọjá jìnnà sí òótọ́, kí ó má baà dà bí àṣẹ. Àwa náà mọ irú ìfarabalẹ̀ yìí. "Ì bá wù mí kí ẹ dúró" kò le tó "ẹ dúró", bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun kan náà ni a fẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti lè di ìjà ni ibi tí a bá ti gba ìfarabalẹ̀ yìí gbọ́ ju bí ó ti yẹ lọ. Bí ọ̀gá ibi iṣẹ́ bá kọ̀wé pé "I would prefer that you not discuss this with the client", kì í ṣe èrò ọkàn rẹ̀ ni ó ń sọ kí ó lè dá olùkàwé lára yá. Ó ń kìlọ̀ ni. Ẹni tí ó bá ka ọ̀rọ̀ náà bí ẹni pé ọ̀gá ń fi ohun méjì wéra, tí ó sì wá sọ ọ̀rọ̀ náà fún oníbàárà, yóò jẹ́bi níwájú ẹnikẹ́ni tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ bá ti ní agbára lórí ẹni tí ń gbọ́, tí orúkọ tàbí ọ̀rọ̀-arọ́pò-orúkọ ẹlòmíràn sì tẹ̀ lé "would prefer", kí a kà á sí àṣẹ tí a fi aṣọ bò. Bí agbára bá wà lọ́wọ́ ẹni tí ń gbọ́, ẹ̀bẹ̀ ni.

"Would rather" ń ṣe iṣẹ́ tí ó jọ èyí, àwọn ènìyàn sì máa ń kó òfin wọn pọ̀. "Would rather" kì í gba "to": "I'd rather wait", kì í ṣe "I'd rather to wait". Ó máa ń gba "than" láìjanpata: "I'd rather wait than go". Bí ó bá kan ẹlòmíràn, ìrísí ohun tí ó ti kọjá ni ó máa ń tẹ̀ lé e: "I'd rather you waited". Orírun rẹ̀ ni ó dùn mọ́ mi nínú. "Rather" jẹ́ àfiwé "rathe", ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ kan tí ó túmọ̀ sí yíyára tàbí títètè, nítorí náà ẹni tí ó ní "I'd rather" ń sọ pé òun yóò tètè ṣe èyí ju tọ̀hún lọ. Ẹ wá wo òwe ikú àti ẹ̀sín lẹ́ẹ̀kan sí i. "Yá" ni a lò níbẹ̀, ìró kan náà tí a ń lò nígbà tí a bá fẹ́ sọ pé nǹkan yára tàbí pé àkókò rẹ̀ ti tó. Èdè méjì tí kò bá ara wọn tan gbà pé ohun tí a bá fi ṣáájú ni ara ènìyàn máa ń yá sí. Fún "rather than" tí ó dúró láàárín ìṣe méjì, "kàkà" ni ó súnmọ́ ọn jù: kàkà kí eku má jẹ sèsé, á fi ṣe àwàdànù.

Lórí àwọn ohun kéékèèké tí ó ṣẹ́kù, n kò ní pẹ́. "Prefer" ń sọ ipò tí ọkàn wà, kì í sọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́, nítorí náà ibá-ìṣẹ̀lẹ̀ atẹ́rẹrẹ kì í sábà bá a mu. "I am preferring" yóò dún bí àṣìṣe létí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní ti àkọtọ́, sílébù kejì ni ohùn ti ń wúwo nínú "prefer", ìdí nìyẹn tí "r" fi di méjì nínú "preferred" àti "preferring", bí ó ti rí nínú "referred". Nínú "preference" àti "preferable", ohùn ti sún sí sílébù àkọ́kọ́, "r" sì padà di ẹyọ kan. Ẹni tí ó bá gbọ́ ibi tí ohùn ti wúwo kò ní máa há iye "r" sórí. "Offered" kò ní "r" méjì nítorí pé iwájú ni ohùn rẹ̀ ti wúwo.

Nínú ìpolówó iṣẹ́, "preferred" dúró sí ẹ̀gbẹ́ "required", owó sì lè sọnù lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ wọn. "Degree required" ní kí ẹni tí kò ní ìwé ẹ̀rí náà má ṣe yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. "Degree preferred" sọ pé bí ẹni méjì bá dọ́gba nínú ohun gbogbo yòókù, ẹni tí ó ní ìwé ẹ̀rí ni a ó fi ṣáájú. Ẹni tí kò ní in ṣì lè kọ̀wé béèrè fún iṣẹ́ náà, bí ìrírí rẹ̀ bá sì pọ̀, ó lè gbà á. Mo ti rí àwọn tí ó tó gbangba sùn lọ́yẹ́ tí wọ́n fi irú ìpolówó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ nítorí pé wọ́n ka "preferred" sí òfin.

Lórí fọ́ọ̀mù tí a ń kún lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lẹ́yìn tí a bá ti béèrè ọjọ́ orí, ẹ̀sìn tàbí iye owó tí ń wọlé fún ènìyàn, ìdáhùn tí ó máa ń gbẹ̀yìn ni "Prefer not to say". Kò sí olùwà nínú rẹ̀, kò sí ohun kejì tí a dárúkọ, ṣùgbọ́n àfiwé wà níbẹ̀ digbí: láàárín sísọ àti àìsọ, àìsọ ni ẹni náà fi ṣáájú. Kò purọ́, kò sì sọ pé òun kò ní ìdáhùn. Ẹ ṣàkíyèsí pé lẹ́yìn "prefer" ni "not" dúró sí. "I don't prefer to say", tí àwọn kan máa ń kọ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fi ọ̀wọ̀ kọ ìbéèrè, kì í ṣe ohun kan náà, ó sì ń dún létí bí ẹni pé olùsọ̀rọ̀ ṣì ń wá ohun tí yóò mú. Bí a bá fẹ́ kọ nǹkan fún ẹni tí ó yẹ kí a bọ̀wọ̀ fún, "I'd prefer not to" ni kí a sọ, kò sì pọn dandan kí àlàyé kankan tẹ̀ lé e.